Bí Inú Bá Ń Sọ̀rọ̀ ní Ìsọ̀: Ìdáhùn sí Ìyá Aláṣọ Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Aṣọ òkè àti léèsì ni mo ń tà ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu òwò náà. Ṣáájú àjọ̀dún Ojúde Ọba tó kọjá, regbérégbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, gbé iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ fún mi, wọ́n sì san ìdajì owó sílẹ̀. Àwọn tó ń hun aṣọ fún mi ní Ìṣẹ́yìn pẹ́, nígbà tí aṣọ náà sì dé, àwọ̀ rẹ̀ ṣú ju èyí tí a fẹnu kò sí lọ. Akápò ẹgbẹ́ náà wá sí ìsọ̀ mi, ó pariwo mọ́ mi lójú àwọn oníbàárà mìíràn, èmi náà sì dá a lóhùn pé kó wá gba owó wọn kó máa lọ. Ó gbà á lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ méjì mìíràn tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi kò yà mọ́. Ọmọ mi tó kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè sọ pé ohun tí mo ṣaláìní ni ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní emotional intelligence. Ṣé nǹkan gidi ni? Ṣé ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lè kọ́ ọ? Àbí wọ́n kàn fẹ́ kí n di ẹni tí gbogbo ayé ń fi gẹṣin ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ajé á wá o. Mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ó hàn nínú bí ẹ ṣe kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn yín, ẹni tí ọ̀rọ̀ sì ń dùn kò yẹ kí a fi gbólóhùn kan dá lóhùn. Èyí tó kúrú níbẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Nǹkan gidi ni. Ẹni àádọ́ta ọdún lè kọ́ ọ, ó sì lè rọrùn fún un ju ọ̀dọ́ lọ, nítorí ó ti bá ènìyàn púpọ̀ pàdé. Kì í sì í sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí a ń fi gẹṣin. Bí ó bá sọ yín dà bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n fi kọ́ yín.

Orúkọ náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1990 ni Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú èyí tí wọ́n ti ṣàlàyé pé ẹ̀bùn kan wà tó yàtọ̀ sí ìmọ̀ ìwé àti ìṣirò, èyíinì ni kí ènìyàn lè mọ ohun tó ń ṣe òun nínú àti ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn, kí ó lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn, kí ó sì fi ohun tó mọ̀ náà darí ìrònú àti ìṣe rẹ̀. Ní 1995, Daniel Goleman, oníròyìn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá, kọ ìwé kan tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì àti ilé ìtajà káàkiri ayé. Àwọn kan ń pè é ní ọgbọ́n inú ní èdè wa. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí bí a bá sọ pé lágbájá ní ọgbọ́n inú, ohun tí a máa ń ní lọ́kàn ni pé ó tètè máa ń rí ọ̀nà àbáyọ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, pé ó mọ bí a ṣe ń dọ́gbọ́n sí nǹkan. Òye ìmọ̀lára ni èmi yóò máa pè é nínú ìdáhùn yìí.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Salovey àti Mayer tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òpó ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì ka ìmọ̀lára sí ìròyìn. Ìbínú, ìjáyà, ìtìjú àti ayọ̀ dàbí ọmọ tí a rán níṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tí kò ní òye ìmọ̀lára a máa ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì: yálà kó lé ọmọ náà padà láìgbọ́ iṣẹ́ tó wá jẹ́, tàbí kó fa ìsọ̀ rẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kó máa bá òun tajà. Ẹ̀yin ṣe èkejì lọ́jọ́ tí akápò wá. Ìbínú ló ta ọjà fún yín lọ́jọ́ náà, òun náà ló dá iye owó lé e.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ náà, kí a wò ó bí ẹni ń na aṣọ sí ìmọ́lẹ̀. Iléyá ti dé tán, ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba, kò sí ẹni tó lè sún un síwájú nítorí aṣọ tí kò tíì dé. Owó yín ti há sí Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí ìdì aṣọ náà dé, ó dá mi lójú pé ẹ ti tú u fúnra yín, ẹ sì ti rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ṣú, nítorí ẹni tó ti ta aṣọ fún ogún ọdún kò lè ṣàì rí i. Èyí ni pé kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, ìjáyà ti wà ní ọkàn yín, ìmọ̀lára ẹ̀bi sì ti jókòó tì í. Ó wá pariwo lójú àwọn oníbàárà, ìtìjú sì gun orí wọn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ìbínú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìbínú ni aṣọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ wọ̀ jáde.

Ọkùnrin náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ ló kó owó lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin mọ ohun tí regbérégbé jẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ: àwọn tí a bí ní ìgbà kan náà ni, wọ́n mọ ara wọn láti kékeré, kò sì sí ìtìjú tó dàbí èyí tí ènìyàn bá gbà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ náà bá jáde sí iwájú ààfin pẹ̀lú aṣọ tí kò bá fìlà àti gèlè mu, tí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣáájú wọn àti àwọn tó tẹ̀lé wọn sì ń dán gbinrin, orúkọ akápò ni wọn yóò máa pè, wọn ò sì ní dárúkọ ahunṣọ kankan ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà á kó tó kúrò nílé. Ìbẹ̀rù ìtìjú méjì ló pàdé ní ìsọ̀ yín lọ́jọ́ náà, kò sì sí èyí tó dá èkejì mọ̀.

Mo rí i nínú lẹ́tà yín pé ó yà yín lẹ́nu pé ó gba owó náà lóòótọ́, nígbà tí òun náà mọ̀ pé kò sí ibi tí ẹgbẹ́ yóò ti rí aṣọ mìíràn ní kíákíá. Ní ọdún 1982, Werner Güth, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣe ìdánwò kan. Wọ́n fún ẹnì kan lówó pé kó dá a pé báyìí ni òun yóò ṣe pín in pẹ̀lú ẹnì kejì. Bí ẹnì kejì bá gba ìpín tí a fi lọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì á kó owó wọn lọ. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí yóò rí nǹkan kan gbà. Bí a bá fi ìṣirò nìkan wò ó, ó yẹ kí ẹnì kejì gba iyekíye, torí díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ti tún ìdánwò náà ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì máa ń kọ ìpín tó bá kéré jù, tí wọ́n yàn láti pàdánù ju kí wọ́n gba ohun tí wọ́n kà sí ìwọ̀sí lọ. Nígbà tí ẹ sọ pé "Ẹ wá gba owó yín kí ẹ máa lọ," ìwọ̀sí ni akápò gbọ́, kò gbọ́ owó. Ó mú òfo, ó sì fi ọlá rẹ̀ pa mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀yin náà mú òfo.

Kí ni à bá ti ṣe? Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ dè wá. Matthew Lieberman, onímọ̀ nípa ọkàn àti ọpọlọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán ojú tó ń bínú tàbí tó ń bẹ̀rù. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà bá fi ọ̀rọ̀ pe orúkọ ìmọ̀lára tí wọ́n rí, apá ọpọlọ tó máa ń ta gìrì sí ewu a máa rọlẹ̀. Pípe orúkọ nìkan ni o. Ẹ wá wo iye orúkọ tí Yorùbá fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ènìyàn. "Inú ń bí mi" kì í ṣe "ó dùn mí." "Ó dùn mí" kì í ṣe "ojú tì mí." "Àyà mi ń já" yàtọ̀ sí "ọkàn mi ò balẹ̀," "ọ̀rọ̀ náà ká mi lára" yàtọ̀ sí "ọ̀rọ̀ náà sú mi." A máa ń kó gbogbo wọn pọ̀, a ó ní "inú ló ń bí mi," bẹ́ẹ̀ ìwòsàn wọn kò papọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, kí a gbà pé a ṣẹ̀ ẹ́ ló ń wá. Ẹni tí ojú tì, ibi ìkọ̀kọ̀ ló ń wá. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ọjọ́ àti aago ló fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sú, ó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé e díẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún ara yín nínú, láàárín ìṣẹ́jú kan, pé "ojú ló ń tì mí, kì í ṣe pé mo kórìíra ọkùnrin yìí," ẹsẹ̀ yín ìbá ti gbé yín dìde láti mú un wọ inú ìsọ̀ lọ, kúrò lójú oníbàárà. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé àyà akápò ló ń já, ẹ kò ní bá a sọ̀rọ̀ owó rárá; ọjọ́ ni ẹ ó fún un.

Èyí kọ́ ni pé kí ẹ máa gbé ìbínú mì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, ó sì ń pa àwọn ìyá ọlọ́jà lára. James Gross, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn nínú àwọn ìwádìí wọn láti àwọn ọdún 1990 pé ẹni tó bo ìmọ̀lára rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò jẹ́ kó hàn lójú, kì í sábà dín bí ó ṣe ń dùn ún kù. Ara rẹ̀ a tún máa ṣe wàhálà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì í rántí ohun tí wọ́n ń bá a sọ dáadáa. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún oníṣòwò: ẹ rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, ẹ fi eyín gé ètè, nígbà tó sì lọ tán, ẹ kò rántí bóyá gígùn mẹ́rin ló ní tàbí márùn-ún. Ohun tí Gross rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ènìyàn tún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà rò kí ó tó gbóná. Èmi gbà pé ó ṣòro, a kì í sì í kọ́ ọ lọ́jọ́ ìjà. Ọjọ́ tí ara bá balẹ̀ ni a ń fi í dánra wò, pẹ̀lú oníbàárà tó kàn ń ná ọjà ní ìnákúnàá.

Mo rí ọ̀nà yìí kí n tó ka ìwé kankan. Ìyá ìyá mi ta obì gbànja ní Ṣàgámù, ó máa ń gbé e lọ fún àwọn oníṣòwò Haúsá ní Sábo, èmi ni mo sì máa ń ru apẹ̀rẹ̀ kékeré tẹ̀lé e nígbà ìsinmi ilé ìwé. Àláájì kan wà tó ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Àláájì náà ṣí ewé ojú apẹ̀rẹ̀, ó mú obì kan, ó fi èékánná àtàǹpàkò là á sí méjì, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó mọ́ bí èyí tí a fi ń gba àlejò. Ó wá dá owó kan tó wálẹ̀ débi pé ìyá tó jókòó tì wá pòṣé. Mo rò pé ìyá ìyá mi yóò di apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò dì í. Ó fa àpótí fún Àláájì, ó ní kí n lọ bu omi wá, ó sì bi í léèrè pé ọkọ̀ wọn tó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́. Ọkùnrin náà dákẹ́, ó ń fi èékánná ha ìdajì obì náà, oje rẹ̀ sì ń pọ́n ọn lọ́wọ́. Ó wá sọ ọ́: ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà òkè ọ̀hún, ẹrù ti gbóná nínú rẹ̀, obì ti ń dúdú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ ìyá àgbà jẹ. Ó ń bẹ̀rù láti tún ra apẹ̀rẹ̀ tó kún. Ìyá ìyá mi ta ìdajì fún un ní iye tirẹ̀ gan-an, kò dín kọ́bọ̀, ó sì bá a tọ́jú ìdajì yòókù sínú ewé tútù títí ọkọ̀ mìíràn fi dé. Nígbà tí a ń padà, ó sọ fún mi pé, "Owó kọ́ ló ń bá jà." N kò gbàgbé gbólóhùn náà láti ìgbà yẹn.

Ẹ kíyè sí i pé kò dín owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí a bá ti lóye oníbàárà, ẹ̀dínwó ló kù. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà kò wo ojú Àláájì ni, yálà kó bá a jà tàbí kó dín owó, nínú méjèèjì ni ì bá sì ti pàdánù.

Kì í sì í ṣe ìbínú nìkan ló ń tú òwò ká. Ayọ̀ àti àánú ti jẹ owó jù ú lọ lójú tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣàgámù, ìjọ kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun wá, wọ́n sì yìn mí lójú gbogbo ènìyàn. Orí mi wú. Mo gba iṣẹ́ náà ní iye tí wọ́n dárúkọ láìṣírò bébà àti yíǹkì, n kò sì mọ̀ pé mo ti jẹ gbèsè títí mo fi san owó bébà tán. Kò sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ. Inú dídùn mi ló ṣírò iye náà. Àwìn náà ńkọ́? Kí ojú má baà tì wá ni a fi ń ta àwìn púpọ̀, kì í ṣe nítorí pé a gbẹ́kẹ̀ lé ẹni náà, nígbà tí kò bá sì san, a ó tún fi ìtìjú gbà á. Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, kó máa dójú tì í títí àwọn ará ilé yóò fi san. Lónìí, àwọn kan ń gbé àwòrán onígbèsè sórí WhatsApp wọn. Mo lòdì sí i gidigidi. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni ó lè mú wá, ṣùgbọ́n ẹni náà, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ kò ní dúró níwájú ìsọ̀ yín mọ́.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà jù. Ẹ kò sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà àti ahunṣọ yín ní Ìṣẹ́yìn ju kí ẹ dárúkọ pé aṣọ pẹ́. Èmi ń béèrè: ìgbà wo ni ahunṣọ náà mọ̀ pé òwú àwọ̀ tí ẹ fẹ́ kò sí? Aṣọ òkè kì í ṣàdéédé ṣú lórí òfì. Ó ti mọ̀ kó tó gbé òwú kalẹ̀, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí ìdì náà tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ló dé tí kò fi pè yín? Bóyá ó pè, tí ọmọ ìsọ̀ sì gbé e, tí òun náà kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún yín. Mo ti wọ ìsọ̀ púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìkẹ́nnẹ́, ohun kan náà ni mo sì ń bá pàdé: bí ìbínú ọ̀gá bá yá, ìròyìn burúkú a máa pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa pa á mọ́ títí kò fi sí ohun tí a lè fi ṣe mọ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ̀yin ni ìbá pe akápò, ẹ̀yin ni ìbá fi àwọ̀ méjì mìíràn hàn án, ẹgbẹ́ ìbá sì yan ọ̀kan. Òwò náà ti bàjẹ́ tipẹ́, kí ariwo ọjọ́ náà tó dé.

Ọmọ ìsọ̀ náà ní ẹrù tirẹ̀. Ní ọdún 1983, Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù, tí a ń sanwó fún láti rẹ́rìn-ín, àti àwọn agbowó gbèsè, tí a ń sanwó fún láti le. Ó fi hàn pé iṣẹ́ ni kí ènìyàn máa fi ojú àti ohùn ṣe ohun tí ọ̀gá fẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ó sì ń rẹ ènìyàn bíi ti ẹni tó ń ru ẹrù. Ọmọbìnrin tó ń kí oníbàárà ní "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé" láti aago mẹ́jọ, tí ẹ sì tún pariwo mọ́ ní ọ̀sán, ẹ̀rín tí yóò fún oníbàárà ní ìrọ̀lẹ́ kò ní dé ojú rẹ̀, aláṣọ kò sì ní mọ ìdí tí ọjà ìrọ̀lẹ́ kò fi yá.

Kí ọmọ yín má baà sọ òye ìmọ̀lára di oògùn gbogboǹṣe, mo ní láti sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àṣeyọrí wà lọ́wọ́ òye ìmọ̀lára, wọ́n á sì ní Goleman ló wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì í kà ni. Ohun tó kọ ni pé ìmọ̀ tí a fi ìdánwò orí wọ̀n kó nǹkan bí ìdá ogún. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì wà nínú ọgọ́rin tó kù, títí dé ilé tí a bí ènìyàn sí àti oríire. Ní 2010, àwọn olùwádìí méjì, Dana Joseph àti Daniel Newman, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ wò, wọ́n sì rí i pé níbi iṣẹ́ tó gba kí ènìyàn máa bá ènìyàn lò lójoojúmọ́ ni òye yìí ti ń ṣèrànwọ́ jù; níbi iṣẹ́ tí kò gba bẹ́ẹ̀, a kì í rí irú àǹfààní náà. Iṣẹ́ tiyín wà nínú èyí àkọ́kọ́. Síbẹ̀, kò sí òye ìmọ̀lára tó lè rọ́pò ìwé. Ẹ máa gé aṣọ tó tó àtẹ́lẹwọ́ pa mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá yan àwọ̀, kí ẹ là á sí méjì, kí akápò fọwọ́ sí bébà tí ẹ so mọ́ ọn, kí ìdajì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìdajì wà lọ́wọ́ yín, kí ọjọ́ tí aṣọ yóò dé sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí gígé aṣọ bá wà nílẹ̀, kò sí ohun tí a ń pariwo lé lórí.

Ẹ bi mí bóyá wọn yóò fi yín gẹṣin. Ẹ gbọ́ bí èmi ìbá ṣe dá akápò lóhùn: "Akápò wa, ẹ wọlé jókòó. Òótọ́ ni ẹ sọ, àwọ̀ yìí ṣú, mo ti rí i kí ẹ tó dé, ó sì dùn mí. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ yóò bi yín. Ọ̀nà méjì ló wà, mo fẹ́ kí a yan ọ̀kan kí ẹ tó dìde. Ṣùgbọ́n n kò ní lè gbọ́ yín dáadáa bí a bá ń pariwo." Kò sí ẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ àṣerégèé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn le, ó sì yẹ kó le. Ẹni tó bá wá láti ìlú mìíràn lè gbọ́ ohùn àwa Ìjẹ̀bú kó rò pé ìjà ni, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ohùn yín di ti ẹlòmíràn. Ohun tó ṣáájú ohùn ni kí ẹ tún ṣe.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ méjì tí kò yà mọ́, n kò rò pé nítorí àwọ̀ aṣọ ni. Wọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, akápò tiwọn sì ń bẹ̀rù ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà. Nítorí náà, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ẹ má sì fi ẹ̀dínwó ránṣẹ́, torí ẹ̀dínwó láìsí ọ̀rọ̀ yóò dàbí ẹni pé ẹ ń ra ìdákẹ́ wọn. Ẹ lọ sílé akápò àkọ́kọ́ nísinsìnyí tí Iléyá ṣì jìnnà, tí kò sí ẹni tó ń wá aṣọ, kí ó lè hàn pé kì í ṣe iṣẹ́ ni ẹ wá tọrọ. Ẹ mú ẹnì kan tí ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀ dání. Ẹ sọ pé aṣọ náà ṣú, pé ẹ ti rí i kó tó dé, àti pé kò yẹ kí ẹ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ lójú ènìyàn. Bí òun náà bá gbà pé òun pariwo, ó dára. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ má béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ pe ahunṣọ yín ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó kọ́kọ́ mọ̀ pé òwú àwọ̀ náà kò sí, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.